Irin Tí A Kò Gún Lẹ́sẹ̀ Kẹta

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Barnawa ló ní kí n kọ èyí. Ó ní àwọn ọmọ tó ń jáde níléèwé kò mọ iṣẹ́ tí wọn ì bá mú, kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kọ ohun tí ojú wa rí, kí wọ́n lè fi yan tiwọn. Ó ní kí n má jẹ́ kó gùn. Mo sọ fún un pé yóò gùn. Ẹni tó fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wo omi kò lè rò ó tán lójú ìwé kan.

Iṣẹ́ mi ni wíwo ẹsẹ̀ afárá. Bí ẹ bá ń ti Barnawa kọjá sí ìhà Doka, odò Kàdúná wà lábẹ́ yín, mo sì mọ̀ pé ẹ kì í wò ó. Ẹ̀yìn mọ́tò tó wà níwájú lẹ ń wò, awakọ̀ rẹ̀ lẹ sì ń bú. Kò sẹ́ni tó ń ronú nípa ibi tí òpó afárá wọlẹ̀ sí. Èmi ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa ronú nípa rẹ̀.

Omi tó ń ṣàn, bó bá pàdé òpó, kì í rọra yà fún un. Á kọlù ú, á dorí kodò, á sì máa wa ilẹ̀ nídìí rẹ̀. Ẹ lọ dúró nínú odò tó ń ṣàn, ẹ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ yanrìn, ẹ má mira. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i pé yanrìn ń yọ́ lọ lábẹ́ gìgísẹ̀ yín, tí ẹ̀yin náà sì ń rì díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń ṣe afárá nìyẹn, àfi pé afárá kò lè gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Doka ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, aṣọ ló ń tà, ó sì fẹ́ kí n jókòó ti ìsọ̀. Mo jókòó tì í fún ọdún kan. Ìnájà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò bá mi lára mu, ọ̀rọ̀ ènìyàn máa ń tètè sú mi. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó jẹ́ awakọ̀ ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó afárá ló mú mi lọ síbẹ̀, wọ́n sì gbà mí. Owó oṣù wọn tó jẹ, kò tó jayé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni Bàbá Ṣíttù, ará Ọ̀yọ́, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kì í pa ìrun jẹ, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi tẹ̀ lé e tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan okùn ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí odò ṣe jìn tó, àfi kí n rẹ ẹ́ sínú garawa kó di ọjọ́ kejì. Okùn àtijọ́ yẹn, bó bá mumi á súnkì. Bí a bá jù ú sódò ní gbígbẹ, á súnkì mọ́ wa lọ́wọ́, iye tí a bá sì kà yóò di irọ́. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ ti fún un lómi mu yó kó tó rí odò. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé rírẹ rẹ̀. Bàbá Ṣíttù kò bú mi. Ó kàn ní kí n máa lọ sílé, pé okùn kò ṣiṣẹ́ lónìí, èmi náà kò sì ní ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ló wá ní kí n kọ lẹ́tà ìdí tí n kò fi wá síbi iṣẹ́.

Ní ìdí okùn náà ni òjé wà, ó wúwo bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n gbẹ́ ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ òjé, òrí la sì máa ń rọ sínú ihò náà. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ odò yóò lẹ̀ mọ́ òrí, á bá òjé gòkè wá. Mo fa òjé sókè lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ gbà mí láyè.

“Kí lo rí?” Bàbá Ṣíttù bi mí.

“Yanrìn ni, sà.”

“Yanrìn wo?”

“Yanrìn ṣáá ni, Bàbá.”

“Ìyá rẹ ò ta gàrí rí?”

“Ó ń tà á.”

“Bí wọ́n bá bi í pé irú gàrí wo ló gbé wá, ṣé gàrí ṣáá ni yóò wí?”

Mo wò ó dáadáa, mo rí i pé ó kúnná, ó sì dúdú díẹ̀. Ó mú mi padà sí òpó àkọ́kọ́, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó máa ń fi fìlà rẹ̀ bò mí lójú, kí n fi ọwọ́ nìkan mọ ohun tí òjé bà lé. Àpáta a máa ta ènìyàn lọ́wọ́ gbà. Ẹrẹ̀ a máa fa òjé mú bí ẹni pé kò fẹ́ dá a padà. Yanrìn kì í ṣe nǹkan kan, á kàn gbà á. Bí mo bá ṣì í, òpó àkọ́kọ́ tún ni. Mo bú Bàbá yẹn nínú mi ju bí mo ṣe bú ẹnikẹ́ni láyé yìí lọ. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ó kàn ṣòro láti sọ fún un ni.

Èyí tó jinlẹ̀ jù nínú ohun tó kọ́ mi ni ti irin. Lóṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án tí odò bá kún, ìgbà yẹn ló ń walẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń fà, odò fúnra rẹ̀ á tún fi yanrìn dí ihò tó wà. Bí o bá ju okùn sí i lóṣù kẹwàá, okùn á sọ pé ilẹ̀ pé.

“Olè lomi,” Bàbá Ṣíttù wí. “Bó bá jí ilẹ̀ gbé tán, á bo ojú ihò kó tó lọ. Okùn ò purọ́ o, ibi tó dé ló ń sọ. Ìwọ lo máa bèèrè ohun tó wà nísàlẹ̀ ibi tó dé.”

Ọ̀pá irin gígùn kan la fi ń bèèrè. A ó gún un mọ́lẹ̀ nídìí òpó. Ilẹ̀ àtijọ́ kì í gbà á, á ta á padà. Yanrìn tuntun ni irin ń wọ̀ bí ọwọ́ ṣe ń wọ ẹ̀lùbọ́. Iye tí irin bá wọ̀ kó tó kan ilẹ̀ tó le la máa ń kọ sí àyè tó kẹ́yìn nínú fọ́ọ̀mù wa. Bí iye yẹn bá pọ̀, afárá ti dúró lórí òfo nígbà tí omi kún, yóò sì tún dúró lórí òfo bí omi bá tún kún. Bàbá Ṣíttù sọ ọ́ fún mi tó ìgbà ogún pé bí n kò bá gún irin, kí n má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ó ní àyè tó ṣófo kì í pa ènìyàn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ iṣẹ́ tí wọn yóò máa pàtẹ́wọ́ fún yín, ẹ má ṣe irú èyí. Bí mo bá ṣe iṣẹ́ mi bó ti yẹ, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀. Afárá á dúró, àwọn ènìyàn á máa gba orí rẹ̀ kọjá, kò sì sẹ́ni tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé òun kò bọ́ sódò lónìí.

Nígbà tí Bàbá Ṣíttù fẹ̀yìn tì, ó padà sí Ọ̀yọ́. Èmi ni mo di ọ̀gá, ọ̀gá tí kò ní ẹnì kankan lábẹ́ àyàfi Dánjúmà.

Dánjúmà ni ó ni ọkọ̀ ojú omi tí a ń lò. Ọmọ Gwárí ni, etí odò ni wọ́n bí i sí, apá rẹ̀ sì le, nítorí náà òun ló ń gún irin. Èmi ló ń kọ̀wé, nítorí kò mọ̀wé. Hausa la jọ ń sọ. Mai igiya ló ń pè mí, ìyẹn Olókùn, orúkọ náà sì ràn mọ́ mi títí dé Barnawa. Kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, èmi náà kò ní, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wà lórí omi láti àárọ̀ tí ara kì í sì í ni wá. Òun ni ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí iṣẹ́ yìí fún mi.

Ọ̀rọ̀ kan tí kì í sú u ni ti Bítrús, àkọ́bí rẹ̀. Ó ń rán an níléèwé, ó ní ọmọ náà ni yóò ka ìwé tí òun kò kà. Ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan yóò mú ìwé èsì ìdánwò Bítrús wá, ó máa ń wé e sínú ọ̀rá kí omi má bàa kàn án. Èmi ni mo máa ń kà á fún un nínú ọkọ̀. Bí mo bá kà á tán á ní kí n tún un kà, pàápàá ibi tí tíṣà kọ ọ́ sí pé ọmọ náà ní ìwà. Ohunkóhun tí mo bá kà, ó gbà á bẹ́ẹ̀.

Nílé, nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Ràkẹ́ẹ́lì ìyàwó mi ń ṣe tíṣà ní Barnawa, a sì bí ọmọ mẹ́ta. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, mo lè lo ọjọ́ mẹ́wàá kí n tó délé, láti afárá kan bọ́ sí òmíràn. Bí mo bá dé, mo máa ń bá àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi Hausa bá ara wọn ṣeré. Mo bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n gbọ́, wọ́n sì fi Hausa dá mi lóhùn wẹ́rẹ́ bí ẹni ń dá àlejò lóhùn kó lè máa lọ.

“Bàbá Débọ̀,” ìyàwó mi wí lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sì pariwo, “ẹ mọ iye tí ẹsẹ̀ afárá kọ̀ọ̀kan fi wọlẹ̀. Kíláàsì wo ni Débọ̀ wà?”

Mo sọ kíláàsì kan. Ọdún tó kọjá ló ti wà níbẹ̀.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, ìlú ń gbóná díẹ̀díẹ̀, àwọn ará ilé ìyàwó mi sì ń ránṣẹ́ sí i láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kó kó àwọn ọmọ bọ̀ nílé. Ó ní kí gbogbo wa jọ lọ. Mo ní mi ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kò burú. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó mọ̀ pé “kò burú” obìnrin lè burú jáì. Ó mú ọjọ́ kan lóṣù kẹwàá, mọ́tò wọn yóò sì kúrò ní gáréèjì ní agogo méjì ọ̀sán.

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kó ẹ̀rọ tuntun dé. Kò tóbi ju rédíò lọ. Ó ń ju ohùn sínú omi, ohùn náà á bá ilẹ̀, á padà wá, ẹ̀rọ á sì fi ya ilà sórí bébà. Ẹnjiníà wa, ọmọdé tó mọ̀wé tó sì lọ́yàyà, ní okùn ti di ohun àtijọ́. Mo bi í pé irin ńkọ́. Ó ní ká máa gún un bí a bá ráyè. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ò yí padà, àyè irin ṣì wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi ń lọ, afárá kékeré kan ló kàn wá láti wọ̀n, lójú ọ̀nà oko, lórí odò kan tó ń ṣàn bọ́ sínú odò Kàdúná. N kò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mo ti ṣètò pé a ó tètè parí, kí n lè dé gáréèjì. N kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún Ràkẹ́ẹ́lì, bóyá kó má lọ, bóyá èmi náà ń bọ̀. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá rí ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á wá.

A wọn ẹsẹ̀ kìíní, a gún irin. A wọn ìkejì, a gún irin. Nígbà tí a dé ìkẹta, agogo méjìlá ti kọjá. Ẹ̀rọ ya ilà rẹ̀, ilẹ̀ sì wà gẹ́lẹ́ ní ibi tó wà lọ́dún tó kọjá.

Dánjúmà ti àjẹ̀ bọ omi, ó fi bu yanrìn díẹ̀ sókè, ó wò ó lọ́wọ́. “Mai igiya, yashin nan sabo ne.” Ó ní yanrìn tuntun nìyí. “Jẹ́ ká gún un.”

“Gobe,” mo dáhùn. Ọ̀la.

“Ẹsẹ̀ yìí ò dá mi lójú. Jẹ́ ká gún un lónìí.”

“Mo ní ọ̀la, Dánjúmà. Ìyàwó mi ń lọ.”

Ó wò mí. “To,” ó wí, ìyẹn ó dára, ó sì yí ọkọ̀ padà.

Bó ṣe ń wa ọkọ̀ lọ sí èbúté, mo ṣí fọ́ọ̀mù ọdún tó kọjá. Mo rò ó pé níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ ti wà níbi tó wà lésìí, iye tí irin wọ̀ lésìí náà ni yóò wọ̀ lónìí. Ọgbọ́n tí a fi ń tan ara ẹni ni, mo sì mọ̀ bí mo ṣe ń rò ó. Mo da iye ọdún tó kọjá kọ sí àyè tó kẹ́yìn. Dánjúmà ń wò mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Kò mọ ohun tí mo kọ.

Mo dé gáréèjì, mọ́tò ti lọ. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà ní òun rí obìnrin kan tó kó ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn, pé gbogbo àwọn yòókù ti wọ mọ́tò tán tí obìnrin náà nìkan dúró síta tó ń wo ọ̀nà, títí awakọ̀ fi fun fèrè.

Ọ̀la náà kò dé. Afárá mìíràn ló kàn lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ọyẹ́ dé, mo sì gbàgbé, tàbí kí n sọ pé mo jẹ́ kí n gbàgbé.

Lóṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e, odò kún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ kẹta rì, ara afárá sì ya sí méjì. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Yákúbù ló wà lórí rẹ̀, ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí òkú rẹ̀ nísàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Ọmọ mẹ́rin ló bí, èyí tó kéré jù ń béèrè kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀.

Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta láti wádìí. Dánjúmà ni wọ́n kọ́kọ́ pè, wọ́n sì bi í bóyá ó gún irin lẹ́sẹ̀ kẹta. Ó ní a kò gún un. Wọ́n ṣí fọ́ọ̀mù, wọ́n nawọ́ sí iye tó wà níbẹ̀, wọ́n ní kí wá nìyí. Ó ní òun ò mọ̀wé.

Wọ́n pè mí wọlé, Dánjúmà sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Alága wọn gbójú sókè.

“Ṣé ẹ gún irin lẹ́sẹ̀ kẹta yìí?”

Mo wo Dánjúmà. Kò fi ojú bẹ̀ mí. Ó ń wò mí bí ìgbà tó bá gbé ìwé Bítrús lé mi lọ́wọ́ tó ń retí kí n kà á.

“A gún un, sà,” ni mo wí.

Ó tán. Alága ní a jẹ́ pé ẹni tó gún irin ló pe iye tí kò rí. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n tèmi bọ́ sára ẹlòmíràn kó tó fọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́. Mo ń ro ẹ̀wọ̀n, mo ń ro ilé iṣẹ́ tí yóò lé mi, mo ń ro ìyàwó tó ti lọ, pé bí iṣẹ́ náà bá tún lọ kí ló kù. Wọ́n lé Dánjúmà lọ́jọ́ náà. Bó ṣe jáde, ó bá mi níta.

“Sai anjima, Mai igiya,” ó wí. Bó ṣe máa ń kí mi lálaalẹ́ nìyẹn, pé ó dìgbà kan ná. Ó sì lọ.

Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Wọ́n ní irin tí kò gún ló pa Yákúbù. Àwọn ọmọ iléèwé gbé e lé Bítrús lórí, ó sì kúrò nílé ṣáájú ìdánwò àṣejáde rẹ̀. Ó lọ kọ́ṣẹ́ títún rédíò ṣe ní Doka, ó sì sọ fún àwọn tó wá bẹ̀ ẹ́ pé òun kò ní bàbá. Gbogbo èyí ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn apẹja. N kò ṣe nǹkan kan.

Láti ìgbà náà, èmi fúnra mi ni mò ń gún irin. Ẹ̀rọ ń ya ilà rẹ̀, àwọn ọmọṣẹ́ tí wọ́n ń fún mi ń rẹ́rìn-ín, èmi ń gún irin lẹ́sẹ̀ gbogbo afárá títí èjìká mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Àwọn ọmọ náà kì í pẹ́, wọ́n máa ń wá iṣẹ́ mìíràn. Ọdún mẹ́rin ni mo lò bẹ́ẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí kí n kí ẹni tó ń ta kòsé, àkàrà àwọn Hausa. Bí ọdún Kérésì bá dé mo máa ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó mi kì í bá mi jà. Ó máa ń bu oúnjẹ fún mi nínú àwo tí wọ́n fi ń gba àlejò. Àwọn ọmọ ti wá gbọ́ Yorùbá dáadáa, wọ́n ń sọ ọ́ bí ará Ògbómọ̀ṣọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ bá mi sọ.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n fún mi ní agogo ara ògiri. Ẹnjiníà dìde, ó sọ̀rọ̀ dáadáa nípa mi, ó ní nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, kò sí iye kan nínú ìwé mi tí ènìyàn lè fura sí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ti sọ fún yín pé kì í ṣe iṣẹ́ ìpàtẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn tí mo gbà á, ojú tì mí débi pé n kò lè jẹ ìrẹsì tí wọ́n bù fún mi.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Èmi dúró de ọjọ́ yẹn, kò wá. Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Mo rí i pé bí n kò bá gbé e lọ fúnra mi, irọ́ yẹn yóò sin mí dé sàréè, wọn yóò sì kì mí lóríkì lórí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo lọ sétí odò. Dánjúmà ń wa yanrìn tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó rí mi, ó gbé ṣọ́bìrì dúró.

“Mai igiya. Ka tsufa.” Ó ní mo ti darúgbó.

Láti kékeré ni mo ti ń sọ Hausa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó wúwo lẹ́nu mi bí òjé. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ti gáréèjì, ti fọ́ọ̀mù ọdún tó kọjá, ti iye tí mo dà kọ, ti “a gún un.” Mo bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Na sani,” ó wí. “Mo mọ̀. Ṣé o rò pé èmi ló yẹ kó o wá sọ fún? Mo wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú rẹ. Bítrús ni kò sí níbẹ̀.”

Ó mú ṣọ́bìrì rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo lọ sí Doka lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí mo mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ mi, n kò ní lọ mọ́. Bítrús ti di géńdé, ó ní ìsọ̀ tirẹ̀, rédíò tó ti tú sílẹ̀ kún iwájú rẹ̀. Kò mọ̀ mí. Mo sọ orúkọ mi, mo sọ iṣẹ́ tí mo ṣe. Ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó ní kí n jókòó, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú ìsọ̀, mo sì tún sọ gbogbo rẹ̀. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu rárá. Nígbà tí mo parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

“Baba, ṣé ó sọ fún yín pé kí ẹ gún un?”

“Ó sọ fún mi.”

“Sau nawa?” Ẹ̀ẹ̀melòó?

“Ẹ̀ẹ̀mejì.”

Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó pa iná, ó fa ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ dé lọ́sàn-án gangan, ó tì í. Mo bi í pé níbo ló ń lọ.

“Gida,” ó wí. Ilé.

Kò bú mi, kò sì kí mi pé ó dàbọ̀. Ó dá ọ̀kadà kan dúró, ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n kọrí sí ọ̀nà odò. Mo wò ó títí n kò fi rí i mọ́. Inú mi dùn sí ohun tó ń lọ ṣe, èmi kò sì sí nínú rẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó lórí bẹ́ǹṣì náà kí ọkùnrin kan tó gbé rédíò rẹ̀ dé. Ó gbá ilẹ̀kùn, ó béèrè ibi tí Bítrús wà, mo ní ó lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn títì, ó wá wo èmi tí mo jókòó síwájú rẹ̀.

“Baba, wa kake jira?” Ó ní ta ni mò ń dúró dè.

Mo rò ó. Kò sí ẹnikẹ́ni tí mò ń dúró dè, kò sì sí ẹni tó ń dúró dè mí. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, mo sì dìde, mo lọ wọ mọ́tò padà sí Barnawa.